Àpótí Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn: Bí A Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Ilé Ọmọláńgidi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ẹbí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ ilé kékeré kan ni, ilé tí ènìyàn kankan kò lè wọ̀, tí a fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe kí ọmọláńgidi lè máa gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kékeré yìí ti kọ́ àwa tí a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ kan tí a kò rí kọ́ ní séńmínárì, ó sì tọ́ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àpótí náà dé ilé wa ní Zongo. Àbúrò wa obìnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e wá nígbà tí ó wá kí ìyá wa. Ó fi lé àbíkẹ́yìn wa lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Lára páálí rẹ̀ ni àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà: ó ní fèrèsé, ó ní àkàsọ̀, òrùlé rẹ̀ sì ga ṣóńṣó. Ọmọ náà ti rò pé odindi ilé ni ó wà nínú àpótí bí ó ti rí nínú àwòrán. Nígbà tí ó ṣí i, pákó pẹlẹbẹ nìkan ni ó bá, àti àpò kékeré kan tí igi wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, àti ìwé àlàyé. Ó gbójú sókè wò wá. A ní, "Má ṣèyọnu, bàbá rẹ ń bẹ níbí. Bó bá di Sátidé, a ó jọ kọ́ ọ."

Sátidé dé, ìpàdé àwọn katikísì sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, a lọ sìnkú ní Savè. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba Ìrìbọmi wọlé, Ọjọ́ Àjíǹde sì ń bọ̀. Ẹ mọ bí iṣẹ́ ìjọ ti rí, bí a ti ń bù ú ni ó ń ru. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá béèrè, ìdáhùn wa kò yàtọ̀: "Ó di Sátidé." Nígbà tí ó yá, àpótí wọ abẹ́ ibùsùn, kò sì béèrè mọ́. Àwa rò pé ó ti gbàgbé.

Lọ́dún yìí ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí CEP, wọ́n sì gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìhà gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn lọ́dọ̀ àwọn Sísítà. Ní oṣù Ògọ́ọ́sì, bí ìyá rẹ̀ ti ń gbá yàrá kí ó lè kó ẹrù rẹ̀ jọ, ó fa àpótí náà jáde, ó sì pè wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, a rí ilà kéékèèké tí wọ́n fi kéréyọ̀n fà, bí ilà tí àwọn alápatà ọjà ń fà sára ògiri láti ka ìyè ẹran. A kà wọ́n. Ó jẹ́ 41. A pe ọmọ náà, a bi í pé kí ni ìwọ̀nyí. Ó ní, "Sátidé ni, Bàbá."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bínú, kò sì sunkún. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òfin kẹjọ, tí à ń sọ fún wọn pé irọ́ kékeré kò sí, a wo ilà 41 yẹn, ẹnu wa wọ inú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó kù kí ó fi ilé sílẹ̀.

Irú ilé wo nìyí?

Ìyá wa àgbà, tí ó ń bá wa gbé, rí àpótí náà nílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ọmọláńgidi náà ń fẹ́ ilé? Nígbà tiwa, ẹ̀yìn ọmọ ni ilé ọmọláńgidi." Òtítọ́ ni Màmá sọ. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdébìnrin a máa pọn igi tí wọ́n gbẹ́, tàbí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n fi àkísà wé, a máa rẹ̀ ẹ́, a sì máa wẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń kọ́ bí a ti ń gbé ọmọ tòótọ́. Kí a má dà á pọ̀ mọ́ ère ìbejì o: èyí kì í ṣe ohun ìṣeré, nítorí àwọn bàbá wa gbẹ́ ẹ nítorí ìbejì tí ó kú ni. Ní ti ilé, yanrìn tútù ni tiwa. Lẹ́yìn òjò, ọmọ a ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, a gbá a mọ́lẹ̀, a rọra yọ ẹsẹ̀, ihò tí ó kù a sì di ilé. Ẹni tí kò bá rọra yọ ẹsẹ̀, ilé rẹ̀ wó. Nínú gbogbo wa, tani kò kọ́ irú rẹ̀ rí?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọwọ́ àwọn ọlọ́lá ni ilé ọmọláńgidi ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1557 sí 1558, Albrecht Karùn-ún, olórí ilẹ̀ Bavaria, ní kí wọ́n kọ́ ọ̀kan fún òun ní ìlú Munich. Kì í ṣe ọmọdé ni ó wà fún. Ó wà fún kí àlejò lè rí ọrọ̀ ẹni tó ni ín. Ní Amsterdam, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Petronella Oortman, náwó ńlá sórí tirẹ̀ láti nǹkan bí 1686, ó sì wà ní ilé ìṣúra Rijksmuseum títí dòní. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tí Edwin Lutyens yàwòrán rẹ̀ fún Ayaba Mary ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1921 sí 1924. Omi ń ṣàn nínú ọ̀pá rẹ̀, iná mọ̀nàmọ́ná ń tàn nínú yàrá rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ìwé bíńtín sínú yàrá ìkàwé rẹ̀. Ó wà ní ààfin Windsor.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, tí ó lè gé pákó lọ́pọ̀lọpọ̀ lọ́nà kan náà, ni irú ilé yìí tó lè wọ ilé tálákà. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ ojú pákó náà tàbí kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ líle gé e, wọ́n á wá tò ó pẹlẹbẹ sínú páálí kí ó má gba àyè nínú ọkọ̀. Ẹni tó rà á ni yóò tò ó jọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àpótí wa nìyẹn: pákó tí wọ́n fi awẹ́ igi fẹ́lẹ́ mẹ́ta lẹ̀ mọ́ra, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Parakou ń pè ní contreplaqué, tí kò nípọn ju mílímítà 3 lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí òbí mọ̀ kí ó tó ná owó rẹ̀. Ilé wọ̀nyí ní ìwọ̀n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ìdá kan nínú 12: ènìyàn tí ó ga ní sẹ́ńtímítà 168, sẹ́ńtímítà 14 ni yóò jẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó ga ní sẹ́ńtímítà 204 yóò sì di sẹ́ńtímítà 17. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ìdá kan nínú 24, tí ó kéré sí èyí ní ìlàjì. Ọmọláńgidi oníke tí ọmọ wa ní, èyí tí a rà lọ́jà Arzèkè, ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà àgbàlagbà lọ. Bí ó bá wọ ilé náà, orí rẹ̀ yóò lu òkè yàrá. Màmá ni ó yanjú ọ̀ràn yìí. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi àkísà aṣọ àǹkárá wé e, ó fi òwú dúdú ṣe irun, ó sì fi ìka ọwọ́ rẹ̀ wọn ọ́n kí ó má ga jù. Ẹni tó bú ilé ọmọláńgidi ni ó bí onílé fún un.

Àṣìṣe wa

Sátidé dé, a kò sì lọ síbì kankan. A tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lóde. Ọmọ náà mú ìwé àlàyé, ó fẹ́ máa kà á. A ní kí ó gbé e sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni àwa ti ń kọ́ ilé ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fún pàríìṣì nígbà Noẹ́lì, pẹ̀lú pòpórò ọkà àti koríko. Kí ni ìwé fẹ́ kọ́ wa?

A yọ gbogbo ègé pákó kúrò nínú férémù wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kó wọn jọ bí igi ìdáná, a sì ju férémù tí ó kù sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ó mọ iṣẹ́ náà ti ń mi orí báyìí. Ara férémù yẹn ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ègé kọ̀ọ̀kan sí. Òjò ti rin ín kí a tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ọdún mẹ́ta ni àpótí náà fi dúró ní ìbú, tí ó fara ti ẹsẹ̀ ibùsùn. Ògiri tí ó fẹ̀ jù ti tẹ̀ bí etí àwo. A rò pé kóòlù yóò fà á mọ́ra. A da kóòlù funfun sí etí rẹ̀ yàlàyàlà, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ ilé. Ọmọ náà ní, "Bàbá, nínú àwòrán, apá òsì ni ihò àkàsọ̀ wà." A ní, "Ta ni ó bi ọ́? Di pákó mú." Ó di í mú. A lẹ ògiri kejì, a lẹ ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó kan pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè, kò wọlé. Ògiri òsì ni a ti fi sí ọ̀tún, ojú inú rẹ̀ sì ti kọ sóde.

Inú bí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí a sọ, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ń kọ́ yín ní katikísímù. A ní, "Ìwọ ni o kò di í mú dáadáa! Ọwọ́ rẹ kò rọra."

Ọmọ náà gbé pákó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ìyá rẹ̀ wò wá títí. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ọmọ yìí sọ fún yín." Ó wọ yàrá lọ. A jókòó síwájú ògiri mẹ́ta tí ó wọ́, kóòlù sì ń ṣàn sórí ẹní. Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A ti fi òwe yẹn wàásù rí.

Ìmọ̀ràn gbẹ́nàgbẹ́nà

Zongo tí a ń gbé, orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Haúsá: ibi tí àwọn arìnrìnàjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò obì ni ilẹ̀ Borgou jẹ́ nígbà kan rí, àlejò ni ó sì kọ́kọ́ kún àdúgbò wa. Títí dòní, bí o bá jáde ní òwúrọ̀, wàá gbọ́ Dendi, Haúsá, Baatonu àti Yorùbá kí o tó dé ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà. Nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọmọnìkejì ẹni kì í jìnnà. Alàájì kan wà ní ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ibùsùn àti ilẹ̀kùn igi tíìkì ni ó ń ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, a gbé ilé tí ó wọ́ náà sórí àwo ńlá, a ní kí ọmọ náà tẹ̀ lé wa.

Alàájì wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Ta ni ó ni ilé yìí?" A nawọ́ sí ọmọ. Ó ní, "Ó dáa, òun ni n ó bi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé, "Ìyá mi, níbo ló ti ṣì?" Ọmọ náà wò wá lójú kí ó tó sọ̀rọ̀. A mi orí. Ó wá fi ìka tọ́ka: ògiri yìí ni, ihò àkàsọ̀ ni, èyí tí ó tẹ̀ nìyí. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alàájì ní ọ̀ràn náà kò kọjá àtúnṣe, nítorí kóòlù funfun ni a lò. Ó ní ká sọ pé èyí tí ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ni, tí ó máa ń mú ìka mọ́ ìka, kò bá nira. Ó po omi gbígbóná mọ́ ọtí kíkan tí wọ́n ń fi sí sàláàdì, ó ti àkísà bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì tẹ́ ẹ sórí ojú ibi tí a lẹ̀. Ó ní ká mú sùúrù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kóòlù náà rọ̀, ó di funfun bí wàrà. Ó fi ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ wọ àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò fà á. Ó ní bí a bá fà á, awẹ́ òkè pákó yóò ṣí. Ó ní kí a má rẹ ẹ́ sínú omi rárá, nítorí contreplaqué a máa wú. Nígbà tí ó tú tán, ó nù ún, ó tò wọ́n sáàrin pákó tíìkì méjì, ó sì gbé òkúta lé e. Nígbà náà ni ó wá kọ́ wa ní bí a ti ń bẹ̀rẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yin tí irú àpótí yìí wà nílé yín.

Èkíní, ẹ ka ìwé àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ kan igi. Ẹ ka iye ègé tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ fi wé iye tí ìwé sọ. Ẹ má yọ ègé kankan kúrò nínú férémù rẹ̀ àfi èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá sì ti yọ ọ́, ẹ fi kéréyọ̀n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tí kóòlù yóò bò.

Èkejì, pákó kì í dúró ní ìbú, ńṣe ni kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èyí tí ó bá ti tẹ̀, ẹ fi àkísà tútù nu inú kòtò rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Omi yóò mú kí apá tí ó ti fún tún nà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná nu etí ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà igi, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀ kúrò, torí kóòlù kì í mú eruku.

Ẹ̀kẹrin, tí Alàájì sọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́ ilé náà láìsí kóòlù. Ẹ fi téèpù bébà àti rọ́bà dè é kí ó dúró, kí ẹ wò ó yí ká. Bí ohun kan bá fẹ́ ṣì, ìgbà yẹn ni kí ó ti ṣì. Ẹ fi igun ìwé tí èèpo rẹ̀ le wọn igun ògiri. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, igun náà kò tọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kun ohun tí ọwọ́ kò ní lè dé bí ilé bá ti pa dé, kí ẹ sì kun ojú méjèèjì pákó. Bí ẹ bá kun ojú kan ṣoṣo, ọ̀dà yóò fà á, yóò sì tún tẹ̀. Ẹ fi ibi tí kóòlù yóò bà sílẹ̀ láìkùn.

Ẹ̀kẹfà, kóòlù díẹ̀ ni ń mú igi, púpọ̀ rẹ̀ kì í mú un. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, ẹ nu èyí tí ó bá yọ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ fi igi ìháṣọ mú un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò, kì í tètè gbẹ.

Nígbà tí a fẹ́ sanwó, Alàájì kọ̀. Ó ní, "Tíṣà, igi kì í bínú, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni yóò máa fẹ́ padà sí." Igi ni ó ń sọ.

Ohun tí ó ṣòro jù

Bí a ti ń bọ̀ wálé, a dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àṣà wa pé kí bàbá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Bí bàbá bá ṣẹ ọmọ, yóò ra bisikíìtì fún un, ọ̀rọ̀ a sì parí bẹ́ẹ̀. Ní séńmínárì, a kọ́ wa láti yẹ ọkàn wa wò ní alaalẹ́, a sì kọ́ wa láti kúnlẹ̀ níwájú Fadá láti jẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé yóò rọrùn ju kí a dúró níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó gbé àwo lórí.

A ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni o sọ òtítọ́. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo sì dì í lé ọ lórí. Àwọn Sátidé yẹn náà, èmi ni. Má bínú."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti tán, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi máa ka ìwé náà, kí ẹ̀yin máa di pákó mú."

Bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe Sátidé mọ́. Ìdajì wákàtí ni ní alaalẹ́, lẹ́yìn àdúrà ẹbí, kí oúnjẹ tó délẹ̀. Ìdajì wákàtí tí ó wà sàn ju odindi ọjọ́ tí kì í dé lọ. Ó ń ka Faransé rẹ̀ sókè, ó ń sọ nọ́ńbà, àwa sì ń di pákó mú. Nọ́ńbà tí ó sọnù pẹ̀lú férémù, òun ni ó wá wọn padà: ó fi ègé kọ̀ọ̀kan wé àwòrán ní alẹ́ mẹ́ta, ó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ yẹn ni a gbọ́ ohun tí a kò gbọ́ rí. A gbọ́ pé ẹ̀rù ilé ẹ̀kọ́ náà ń bà á. A gbọ́ pé kò mọ ẹni tí yóò máa fi òróró pa ẹsẹ̀ Màmá bí òun bá lọ. Bí a bá pè é jókòó pé kí ó wá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà lára igi, tí ojú sì wà lára iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ń jáde fúnra rẹ̀.

Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé gíga tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. A ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà, owó nìkan ni a sì máa ń sọ pé kí wọ́n ṣírò. A kò rántí ìgbà rí pé ọjọ́ ọmọ náà ní iye.

Ibi tí a dé

A kò ní purọ́ fún yín: ilé náà kò tíì parí. Ilẹ̀ rẹ̀ ti dúró, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè ti wọlé, àkàsọ̀ sì wà ní apá òsì. Ìlà kan ṣì wà lára ògiri ńlá níbi tí awẹ́ pákó ti ṣí díẹ̀. A ní kí a fi ọ̀dà bò ó, ọmọ náà ní kí a fi í sílẹ̀.

Kò jẹ́ kí ó jọ àwòrán ara páálí mọ́. Níbi tí ìwé àlàyé ní kí yàrá ìjẹun wà, ó ní ibẹ̀ ni Màmá yóò máa sùn, kí ó má baà gun àkàsọ̀. Ó gba àjákù aṣọ lọ́dọ̀ aránṣọ láti fi ṣe aṣọ fèrèsé, ó fi páálí ìṣáná ṣe àpótí aṣọ, ó sì ní kí a wá pákó kan tí ó fẹ̀ ju ilé náà lọ láti gbé e lé, kí ó lè ní àgbàlá. A bi í pé kí ni ilé Faransé ń fi àgbàlá ṣe. Ó ní, "Níbo ni wọn yóò ti máa dáná, Bàbá?"

Ó lọ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Òrùlé ni ó kù. Kí ó tó lọ, ó to àwọn ègé òrùlé jọ pẹlẹbẹ, ó kọ nọ́ńbà sí wọn, ó gbé ìwé séńmínárì wa márùn-ún lé wọn lórí kí wọ́n má baà tẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára páálí pé: "Òrùlé: Noẹ́lì." Nísàlẹ̀ rẹ̀, ilà 41 yẹn ṣì wà. Kò pa wọ́n rẹ́, àwa náà kò sì ní kí ó pa wọ́n. Màmá ti gbé ọmọláńgidi náà sí yàrá ìsàlẹ̀, ó sì ń bò ó láṣọ ní alẹ́ nítorí pé òrùlé kò sí.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, kò pọn dandan kí àpótí wá láti òkè òkun. Páálí ọṣẹ méjì tí a gbé léra wọn, tí a gé fèrèsé sí lára, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Páálí ìṣáná yóò di ibùsùn, ìdérí ìgò yóò di abọ́. Ohun tí a bẹ̀ yín ni kí ẹ bojú wo abẹ́ ibùsùn yín lónìí, kí ẹ wo ohun tí ẹ ti ṣèlérí fún ọmọ tí kò béèrè mọ́. Ẹ má dúró de Sátidé. Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà, kí oúnjẹ tó délẹ̀, ẹ fa àpótí náà jáde, kí ẹ sì ní kí ọmọ máa ka ìwé rẹ̀ fún yín.